Ife Tíì Lórí Iṣẹ́ Wòsílátù

"Yẹ̀kínì, ẹja ni mo ní kí o yan, àbí èédú?"

Alhájì Gàníyù, tó ni iléeṣẹ́ ẹja gbígbẹ náà ní Ajah, gbá ọ̀bọ̀kún kan mọ́ tábìlì. Ó ró kó bí igi.

Yẹ̀kínì, tó ń bójú tó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan ẹja, dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣàánú mi, Alhájì. Wákàtí kan ààbọ̀ ni mo fẹ́ fún un. Ìṣẹ́jú-àáyá nìkan ni kọ̀ǹpútà ń gbà. Níbi tí mo ti ń ṣírò ni mo ti fi òdo kan lé e. Ó wá jó mọ́jú."

"Òdo ni ìwọ náà. Kó ẹrù ẹ."

Mùnírù fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń tún táì rẹ̀ ṣe. Òun nìkan ló ń wọ táì láàrin òórùn ẹja, kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé pé London ló ti kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ní 1988 yẹn, kì í ṣe ohun kékeré. Òun ló kọ ètò aago tó ń pa iná ẹ̀rọ náà. Nígbà tí Wòsílátù, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, sọ pé aago náà ń dààmú àwọn òṣìṣẹ́, èsì rẹ̀ ni pé, "Kí wọ́n lọ kọ́ ìṣirò."

Wòsílátù ò jiyàn. Ó tún ètò náà kọ: èèyàn lè tẹ wákàtí, tàbí ìṣẹ́jú, tàbí méjèèjì pọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó gbé e fún ọ̀gá rẹ̀ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Iléyá ò tíì dé nígbà náà; ó ti kọjá tipẹ́ báyìí.

"Mo ń wò ó lọ́wọ́," ni Mùnírù ń wí látìgbà yẹn. Ife tíì rẹ̀ tó gbé lé ìwé náà ló ń bá a wò ó.

Nígbà tí Alhájì lé Yẹ̀kínì tán, Mùnírù padà sí ọ́fíìsì, ó gbé ife náà kúrò, ó sì ka ìwé náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Àṣìṣe ló ń wá, bí ẹni ń ṣa egungun nínú ẹja, kó lè rí nǹkan fi tu ara rẹ̀ nínú. Ó rí ẹyọ kan. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Láti ojú fèrèsé, ó rí Yẹ̀kínì níta tó ń di kẹ́tùlù àlùwàlá mọ́ ẹrù rẹ̀. Ayọ̀ náà kú.

Wòsílátù wọlé. "Ọ̀gá, Bọ̀ọ̀dá Yẹ̀kínì ń lọ o. Ṣé ẹ ti wò ó?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó ni. Béèyàn ò bá tẹ nǹkan kan ńkọ́?"

"Yéè! Ẹ̀rọ á kàn máa jó lọ. Màá ní kó kọ̀ láti tanná. Ìlà kan péré ni, sà."

"Ìlà kan," ni Mùnírù wí. Ó mú ìwé náà dání.

"Ẹ jẹ́ kí n tẹ òmíràn, sà. Tíì ti ba ìyẹn jẹ́."

"Rárá. Èyí tí tíì bà jẹ́ yìí gan-an ni kí Alhájì rí, kó lè mọ̀ pé ọwọ́ mi ló pẹ́ sí."

Ó yọrí lójú fèrèsé. "Yẹ̀kínì! Gbé kẹ́tùlù yẹn kalẹ̀ ná."