Aṣọ Tí Omi Kò Gbọdọ̀ Kàn

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo kí yín o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìfaradà, ẹ kú iṣẹ́ ilé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí ilẹ̀ òní mọ́ bá èmi àti ẹ̀yin, tí kò jẹ́ kí èémí wọ́n wa nímú. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ìtàn ìbínú ni. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Olúwa wa pàápàá bínú nínú tẹ́ḿpìlì, ó sì dojú tábìlì dé. Ìbínú kan wà tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé bí kò bá bí ènìyàn nínú, a jẹ́ pé ọkàn onítọ̀hún ti kú.

Ọ̀dọ́bìnrin kan wà ní Odò Ọjà, ní Ìkẹ́rẹ́, Iyìolúwa ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ló ń ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí ojú wa ti mọ̀. Kì í kun ọ̀dà nìkan, kì í sì í gbẹ́ igi. Ẹní Ògòtún ló máa ń tẹ́ sílẹ̀, tí yóò wá máa rán oríṣiríṣi nǹkan mọ́ ọn: àkísà, páànù dídípẹtà tí ìjì ṣí lórí ilé, èèpo kòkó gbígbẹ, ìlẹ̀kẹ̀ tó já, amọ̀ pupa tó fi gọ́ọ̀mù pò. Bí ó bá gbé e kọ́ ara ògiri tán, tí ẹ dúró lókèèrè, ènìyàn lẹ óò rí. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ óò rí ohun tí ayé onítọ̀hún ti là kọjá. Kò ní ọ̀gá, kò sí ilé iṣẹ́ tó gbà á. Ìyá rẹ̀ bá a wí títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

"Iyì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń ra aṣọ tuntun, ìwọ ń kó àkísà wọlé. Ṣé eku ni ọ́ ni?"

"Èkúté ilé ni mí, Mọ́mì. Ẹ ṣáà fún mi lóúnjẹ."

Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀. Kì í kọ́kọ́ ronú àwòrán. Àpò ló máa ń gbé kọ́ èjìká, yóò wọ ọkọ̀ gba ọ̀nà Ìsẹ̀ dé Emùré, yóò jókòó ti àwọn ìyá àgbà, yóò bá wọn ṣa ẹ̀gúsí, yóò bá wọn pa èkùrọ́, títí ọ̀rọ̀ yóò fi dùn. Nígbà náà ni yóò tó béèrè pé, "Màmá, èwo nínú aṣọ yín ni ọwọ́ yín kò gbà láti jù nù?" Bí wọ́n bá mú un jáde, kì í fọ̀ ọ́. Ibi tí epo ta sí, ibi tí oje kòkó ti sọ ọ́ dúdú, ibi tí ọmọ ti pọ wàrà sí, ibẹ̀ gan-an ló máa ń rán síta kí gbogbo ayé lè rí i.

Nígbà tí ìjọ rẹ̀ kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, wọ́n ní kó ṣe iṣẹ́ ńlá kan sí ògiri iwájú, èyí tí yóò sọ̀rọ̀ nípa ìyá. Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣe é. Aṣọ obìnrin mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀, ó sì fi gbogbo wọn ṣe àwòrán ìyá kan ṣoṣo tó jókòó, tó la ẹsẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gbọmọ sórí itan. Aṣọ tó fi ṣe àyà ìyá náà, Emùré ló ti wá.

Màmá Kúlúsúmù ló ni ín, Mùsùlùmí ni, ata gbígbẹ ló ń tà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí igi wó lu Bùràímọ̀ ọkọ rẹ̀ nínú oko kòkó. Wọ́n gbé e sẹ́yìn lọ́rì, ó di ilé ìwòsàn ní Ìkẹ́rẹ́. Màmá bọ́ ìró ìdí rẹ̀, ó fi di orí ọkọ rẹ̀, ó gbé orí náà lé itan. Wọn kò tíì kọjá Ìsẹ̀ tí Bùràímọ̀ fi dákẹ́. Àlùfáà ní kí wọ́n fọ aṣọ náà tàbí kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Màmá kò ṣe èyíkéyìí. Ó ká a sínú àpótí páànù.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Iyìolúwa lọ kí ó tó fojú rí aṣọ náà. Nígbà kẹrin, Màmá gbé e lé e lọ́wọ́.

"Mo fún ọ nítorí pé bí mo bá kú, àwọn ọmọ mi yóò dáná sun ún ni. Wọ́n ní ó ń dẹ́rù bà wọ́n. Ṣùgbọ́n gbọ́, ọmọ Ìkẹ́rẹ́: omi kò gbọdọ̀ kàn án."

Iyìolúwa kúnlẹ̀. "Màmá, omi kò ní kàn án."

"Ṣé kí n gbé Kùránì wá?"

"Ẹ gbé e wá, Mà, bí ẹ bá fẹ́."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Fi sílẹ̀. Ẹnu rẹ tó."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ ìyàsímímọ́ gbọ̀ngàn, Iyìolúwa ká iṣẹ́ náà bí a ti ń ká ẹní, ó gbé e sí yàrá tí àwọn akọrin ti ń wọṣọ. Daniel káfíńtà ti ṣèlérí pé òun yóò gbé àkàsọ̀ gígùn wá ní àárọ̀ Sátidé kí wọ́n lè gbé e kọ́. Yàrá náà kò ní kọ́kọ́rọ́. Iyìolúwa fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sórí ìwé pé KÍ ẸNIKẸ́NI MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó sì lọ sílé.

Nígbà tó padà dé ní Sátidé, ó rí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n sá a sóòrùn.

Omi ń kán lára rẹ̀. Amọ̀ pupa ti yòrò, ó ti ṣàn wọ koríko. Wọ́n ti já èèpo kòkó kúrò, wọ́n gbá a jọ sẹ́bàá gọ́tà. Wọ́n ti fi kànrìnkàn onírin ha páànù dídípẹtà títí ó fi ń kọ mànà. Aṣọ mẹ́tàdínlógún sì funfun bí eyín ọmọ ọwọ́.

Màmá Mary Akínwándé, Ìyá Ìjọ, ló dúró níbẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, tí ọṣẹ ń hó dé ìgúnpá rẹ̀. Òun ló kọ́ Iyìolúwa ní orin àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi.

"Iyì mi, wá wò ó! Ìmọ́tótó la wá ṣe lánàá tí a rí i. Mo ní, há, ọmọ yìí mà ti ṣe wàhálà, kò tún ráyè fọ̀ ọ́! Gbogbo wa la pawọ́ pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì la fọ̀ ọ́, a tún rẹ ẹ́ mọ́jú sínú omi oògùn tó ń bó àbàwọ́n. Èyí tó wà láàárín yẹn ló yọ wá lẹ́nu. Rónkẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbò ó títí ó fi jáde."

Iyìolúwa fọwọ́ kan aṣọ àárín náà.

"Ta ló ní kí ẹ fọ̀ ọ́?"

"Ta ló ní ká má fọ̀ ọ́? Ilé Ọlọ́run nìyí."

"Mo kọ ọ́ sílẹ̀, Mà. Mo kọ ọ́ gàdàgbà!"

"A rí ìwé náà. A rò pé nítorí àwọn ọmọdé ni."

Rónkẹ́, tó ń fún àkísà ìfọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pòṣé. "Ẹ ò rí ayé? A bá ènìyàn ṣiṣẹ́, kàkà kó dúpẹ́, ó ń jágbe mọ́ àgbà. Ṣé ìdọ̀tí yẹn lo fẹ́ kí bíṣọ́ọ̀bù wá wò?"

"Àǹtí Rónkẹ́, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbò."

Iyìolúwa wá sọ ọ́ fún wọn: lọ́rì, orí tó wà lórí itan, àpótí páànù, ọ̀rọ̀ tí òun fi ẹnu ara òun sọ lórí ìkúnlẹ̀. Bí ó ti ń sọ ọ́ ni ohùn rẹ̀ ń ga sí i, títí àwọn tó ń kọjá lójú títì fi dúró.

"Ẹ̀jẹ̀ Ábẹ́lì rí ilẹ̀ tó ti ké sí Ọlọ́run. Ẹ̀jẹ̀ Bùràímọ̀ kò ní ju aṣọ yìí lọ. Ẹ dà á sí gọ́tà!"

"A kò mọ̀, ọmọ mi," ni Ìyá Ìjọ wí, ọṣẹ ti ń gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Ẹ jẹ́ ká fi lé Olúwa lọ́wọ́."

"Ẹ má gbàdúrà, Mà. Ẹ bá mi lọ sí Emùré."

"Lónìí? Ìyàsímímọ́ di ọ̀la! Kọ lẹ́tà, èmi yóò fọwọ́ sí i."

"Màmá náà kò mọ ìwé. Ojú ni wọn yóò fi rí i, etí ni wọn yóò fi gbọ́, láti ẹnu ẹni tó fọ̀ ọ́."

Kò sọ̀rọ̀ báyìí sí àgbà rí láyé rẹ̀. Ìyá Ìjọ wò ó, ó wo Rónkẹ́, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó sì lọ mú gèlè.

Wọ́n wọ mọ́tò Ìsẹ̀, wọ́n gbé iṣẹ́ tó ṣì tutù lé itan, ó rin wọ́n lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ọkùnrin tó jókòó níwájú bojú wẹ̀yìn. "Ẹ̀yin ìyá àti ọmọ, ṣé ẹ jà ni?" Emùré ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀.

Màmá Kúlúsúmù ń ṣa ata lẹ́nu ọ̀nà. "Iyì! Ọmọ Ìkẹ́rẹ́! Wọ ulé. Ta lo mú bọ̀ yìí?"

Kí Iyìolúwa tó la ẹnu, Ìyá Ìjọ ti kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Ó sọ ọ́. Kò fi ìjọ bojú, kò dárúkọ Rónkẹ́. "Èmi ni mo ní kí wọ́n fọ̀ ọ́, Mà. Mo rò pé ìdọ̀tí ni."

Màmá ní kí wọ́n tú u. Ó fọwọ́ wá aṣọ rẹ̀ kàn, ó gbé e sí imú.

"Ọṣẹ," ló wí.

Ó kọjú sí Ìyá Ìjọ.

"Ìwọ ìyàwó yìí, ṣé ọkọ rẹ ń bẹ láyé?"

"Ó ń bẹ, Mà."

"Lọ ulé, kí o lọ fọ aṣọ tirẹ̀."

Ìyá Ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Inú Iyìolúwa dùn sí i, ó sì mọ̀ pé inú òun dùn sí i. Ṣùgbọ́n Màmá ti yíjú.

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé obìnrin yìí ni mo gbé aṣọ mi fún?"

"Rárá, Màmá. Èmi ni."

"Ta ló ní omi kò ní kàn án?"

"Èmi ni, Mà."

"O tì í mọ́lé?"

"Mi ò tì í. Mo kọ ìwé sí i."

"Ìwé!" Bí ẹni tu kòkòrò jáde lẹ́nu ni Màmá ṣe sọ ọ́.

Nígbà náà ni ìbínú tí Iyìolúwa gbé láti Ìkẹ́rẹ́ yíjú padà sí òun fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni. Nínú ilé tirẹ̀, abẹ́ ibùsùn ló ń gbé aṣọ yẹn sí. Ó gbé e dé ilé Ọlọ́run, ó rò pé ibẹ̀ kò nílò àgádágodo.

"Gé e fún mi," ni Màmá wí.

Iyìolúwa mú sísọ́ọ̀sì jáde nínú àpò. Ó gé okùn ìránṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, okùn tó fi ọ̀sẹ̀ méjì rán, títí àyà ìyá inú àwòrán náà fi ṣí sílẹ̀, tí a sì ń ti ibẹ̀ rí ilẹ̀. Màmá gba aṣọ rẹ̀, ó ká a, ó wọlé. Wọ́n gbọ́ tó ti ìdábùú ilẹ̀kùn. Wọ́n dúró. Kò jáde mọ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé, oòrùn ṣì wà. Iyìolúwa jókòó sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò dá amọ̀ padà. Ó fi ipa pupa tó ṣàn lórí ẹní sílẹ̀ bó ṣe wà. Òwú dúdú ló fi ká etí ihò náà yíká, bí a ti ń ṣe ọrùn bùbá, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé eku ló jẹ ẹ́.

Alàgbà Adémọ́lá, alága ìgbìmọ̀ gbọ̀ngàn, wọlé, ó rí ihò tó fẹ̀ tó àtẹ.

"Iyì, kí lèyí? Wá nǹkan dí i. Ìyàwó mi ní ànkárá tó rẹwà."

"Mi ò dí i, sà."

"Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ lọ́la!"

"Kí wọ́n máa bọ̀."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìjọ lo ń halẹ̀ mọ́?"

"Bí ẹ bá dí i, ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò pè é ní iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má dárúkọ mi."

"Wò ó, èmi fúnra mi yóò..."

"Alàgbà." Ìyá Ìjọ ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti wú. "Ẹ fi ihò yẹn sílẹ̀. Èmi ni mo lu ú."

Iyìolúwa gbọ́. Kò dúpẹ́, kò gbójú sókè. Ó ń rán nǹkan.

Daniel bá a gbé e kọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ìjọ rọ́ wọ gbọ̀ngàn. Iyìolúwa kúnlẹ̀ kí Ìyá Ìjọ bó ti yẹ kí ọmọ kí ìyá, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ béèrè pé, "Kí ló wà níbí yìí tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ bi Ìyá Ìjọ, sà," ni Iyìolúwa wí.

Ìyá Ìjọ sì sọ ọ́, lórí ìdúró, níwájú gbogbo ènìyàn. Àwọn mìíràn dé, wọ́n béèrè, ó tún sọ ọ́. Àwọn tó wá láti Ìsẹ̀ béèrè, ó tún sọ ọ́. Iyìolúwa dúró ti ògiri, ó ká ọwọ́ lẹ́rán, ó ń gbọ́ ọ bí olùkọ́ ti ń gbọ́ àkọ́sórí. Ní ìgbà karùn-ún, ó ti rẹ Ìyá Ìjọ, ó sì fẹ́ fo ibi búrọ́ọ̀ṣì. Iyìolúwa wúkọ́. Ìyá Ìjọ padà síbẹ̀, ó sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi dé ìhín, kí Olúwa má jẹ́ kí ọwọ́ tí ẹ fi ń ṣoore ba ohun iyebíye ẹlòmíràn jẹ́. Kí ó fún yín ní ètè tó lè sọ pé "èmi ni." Ohun tí ẹ fi pamọ́ nítorí ìfẹ́, kí ó má bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kí ilé yín tòrò, kí iṣẹ́ ọwọ́ yín má parẹ́. Àmín.