Èèmọ́ Ọwọ́ Abíọ́nà

Ẹni tó bá ní òun mọ ìlú kan, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa. Ní ìdí ìrókò kan, àwọn ikán tẹ ìlú kan dó, Ọ̀gán ni wọ́n ń pè é, Ọlọ́gán sì ni ọba wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ń mọlé, wọ́n sì ń gbin olú tí gbogbo ìlú ń jẹ. Àwọn ọmọ ogun olórí pupa ń ṣọ́ ẹnubodè. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí níbẹ̀ ló ń ní àmì ọmọdé ní ìpàkọ́. Bó bá dàgbà, àmì yẹn á parẹ́, wọ́n á sì kọlà iṣẹ́ fún un. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ilà ọmọ ogun: àwọn kan ní ọ̀tún, àwọn kan ní òsì, bí yàrá tí wọ́n ti tọ́ wọn bá ṣe ń kọ ọ́, iye wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ilà náà tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ojú lásán kò lè rí i. Ìdí nìyẹn tí ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Abíọ́nà fi ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà tóóró kan tí ìtànṣán oòrùn ń gbà wọlé. Ikán kan ṣoṣo ló lè kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Abíọ́nà ní èèmọ́, èso koríko tó máa ń lẹ̀ mọ́ni lára, oríṣi mẹ́ta. Èyí tó fi osùn kùn kì í lẹ̀ mọ́ ohunkóhun àfi àmì ọmọdé. Èyí tó fi ẹfun kùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ló ń lẹ̀ mọ́. Èyí tó fi aró kùn, ti òsì. Á da gbogbo rẹ̀ lé ọ lára, wàá gbọn ara, wàá bọ́ sínú ìmọ́lẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù sára rẹ ló máa sọ ẹni tí o jẹ́.

Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe èyí, títí Akínrìndé fi di Balógun. Ó ní, "Ṣé ẹ̀ṣọ́ ọba ni a óò máa da èèmọ́ lé lára bí ewúrẹ́ tó ti igbó dé?" Ọlọ́gán fara mọ́ ọn kíákíá, nítorí ìmọ́lẹ̀ kì í dùn mọ́ ikán, àgàgà ikán tó joyè.

Láìpẹ́, ọmọ ogun pọ̀ bí yanrìn. Inú àwọn ìjòyè dùn. Àwọn òṣìṣẹ́ kò rí ọ̀nà gbà mọ́, olú ń tán, àwọn ọmọ ọwọ́ ń rù, ṣùgbọ́n ta ni yóò ráhùn nígbà tí ogun ọba ń pọ̀ sí i?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìjàlọ wọ yàrá ìtọ́mọ, wọ́n sì kó méje lọ nínú àwọn ọmọ-ọmọ Abíọ́nà. Ẹyọ kan, Àwẹ̀ró, ló kù. Igba ọmọ ogun ló dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń wòran. Abíọ́nà di ọ̀kan mú, ó bi í pé, "Kí ló dé tí o kò jà?" Ọmọ ogun náà yíjú sí i, ó la ẹnu sílẹ̀ gbàgà. Ó ń retí kí wọ́n fi oúnjẹ sí òun lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́! Ẹ̀rù ba ìyá àgbà náà ju bí ìjàlọ ṣe dẹ́rù bà á lọ.

Ó gba ààfin lọ. Ìgbìmọ̀ pé.

Balógun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Kí adé pẹ́ lórí. Ẹ wo orí wọn, ó pupa. Ẹ wo ẹnu wọn, ó mú. Ohun tó bá jọ ọmọ ogun, ọmọ ogun ni. Ọ̀fọ̀ ló ń da ìyá yìí láàmú."

Ìjòyè Ọ̀tún dìde: "Bó bá jẹ́ àìsàn ni, ẹ jẹ́ ká da omi eérú sí gbogbo yàrá. Èyí tó bá kú, òun ló ń ṣàìsàn." Àwọn ìjòyè mi orí pé ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Abíọ́nà kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Omi eérú kò mọ ọmọ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá lọ́dọ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá rí ilà wọn, màá mọ yàrá tí wọ́n ti wá. Yàrá kan la óò dí, a kò ní pa ìlú run. Àwẹ̀ró nìkan ló kù mí kù, Kábíyèsí."

Ọba fẹ́ tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn. Ó ní kí wọ́n yẹ mẹ́wàá wò, kí Balógun fúnra rẹ̀ yàn wọ́n. Balógun yan àwọn jagunjagun àtijọ́ mẹ́wàá, tí ojú wọn ti rí ogun. Èèmọ́ osùn kò lẹ̀ mọ́ ẹnì kankan. Ìgbìmọ̀ hó yèè, wọ́n fi Balógun joyè Aláìlábàwọ́n, wọ́n sì ní kí Abíọ́nà máa lọ sinmi nílé.

Ọjọ́ ìwúyè pé. Gbogbo ọ̀nà ti dí, àfi ọ̀nà tóóró, nítorí náà ibẹ̀ ni ọmọ ogun gbà lọ jó. Abíọ́nà kò sinmi. Bí wọ́n ṣe ń kọjá ló ń da èèmọ́ lé wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ru osùn ní ìpàkọ́ àti aró ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àmì ọmọdé àti ilà ogun lára ẹyọ ikán kan! Gbogbo wọn pátá ló jẹ́ ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, nígbà tó sì tọ ipasẹ̀ wọn padà, inú yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti wá, ní ẹ̀yìn ilé Balógun, níbi tí olú tó dára jù ń lọ. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé.

Ó sáré tọ ọba lọ láàárín ijó. Ọba fojú ara rẹ̀ rí osùn, ó rí aró. Ó wá sọ pé, "Ìwádìí yìí dára púpọ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi tó gbẹ. A óò jíròrò lé e lórí lẹ́yìn ayẹyẹ."

Abíọ́nà gbé Àwẹ̀ró, ó pe àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn ṣì gbé wọn, wọ́n jáde. Ní ìrọ̀lẹ́, òjò rọ̀, kò sì sí ẹni tó lágbára láti bu amọ̀ dí ihò. Òrùlé wó lé ijó lórí.

Títí di òní, ọ̀gán ìdí ìrókò yẹn ga ju gbogbo ọ̀gán àgbègbè náà lọ. Ewúrẹ́ ń gun orí rẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, wọ́n fẹ́ fi Àwẹ̀ró jọba ní ìlú tuntun tí wọ́n tẹ̀ dó. Abíọ́nà ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà tóóró pẹ̀lú èèmọ́ rẹ̀. Àwọn ìjòyè tuntun yọ́ sọ fún un pé, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí ti ọba kọjá bẹ́ẹ̀. Ọmọ-ọmọ yín mà ni."

Abíọ́nà ní, "Òun gan-an ni kó kọ́kọ́ wá."

Àwẹ̀ró tẹrí ba. Ìyá ìyá rẹ̀ da èèmọ́ lé e lára. Ọmọ náà gbọn ara, ó sì bọ́ sínú ìmọ́lẹ̀.