Kíndìnrín Màámi

Ikọ́ ti lọ, ibà ti lọ, mo ń jẹ, mo ń mu, síbẹ̀ nọ́ọ̀sì ní kòkòrò àìsàn ṣì ń bá èémí mi jáde, n kò gbọdọ̀ kúrò ní yàrá. Oògùn tí kò jẹ́ kí ara mi kọ kíndìnrín tí Màámi fún mi ni kò jẹ́ kó lé kòkòrò náà lọ. Irú oògùn wo nìyẹn, jàre!

Màámi, aránṣọ tí kò mọ ìsinmi, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, ó ń rán aṣọ, ó ń bú mi: "Ọ̀lẹ, jáde wá bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sùn lé ẹ̀rọ lórí, kò jí mọ́. Wọ́n gbé e kọjá lójú fèrèsé mi. Mo gbọ́wọ́ lé ìsàlẹ̀ ikùn mi. Kíndìnrín rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ta ni yóò túfọ̀ Màámi fún un?