Ẹni Tí Yóò Kọ́kọ́ Jẹ Àgbàdo

Fáṣèyí ju àgbàdo sísun náà sínú eérú.

“Ohùn náà ní o ti fi nǹkan sí i.”

Oyèkẹ́mi wo ọkọ rẹ̀ láàárín oko wọn ní Ikpinlè. Sùtánà funfun ló wọ̀; erùpẹ̀ ti sọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ di pupa. Láti ọdún Àjíǹde ni kò ti bọ́ ọ. Ẹni tó bá sì wọ sùtánà kì í wọ bàtà, ìyẹn ni kùkùté àgbàdo fi dá egbò sí i lẹ́sẹ̀. Ní ìjọ wọn, aríran ni wọ́n ń pè é. Oyèkẹ́mi náà gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ohùn náà, tí ọkọ rẹ̀ ní ti áńgẹ́lì ni, ní kí ó má sùn, ó bá a tan àbẹ́là. Ṣùgbọ́n èyí? Áńgẹ́lì tó ń rí gbogbo ìkọ̀kọ̀, ṣé kò rí i pé iná nìkan ló kan àgbàdo yìí?

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó dìde, ó gba ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Bíntù, aládùúgbò wọn, rí i lọ́nà.

“Ìyàwó aríran! Ẹ bá mi bi bàbá níbi tí ewúrẹ́ mi gbà o!”

Oyèkẹ́mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò kọjá ètè.

Jeanne, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó béèrè bí Fáṣèyí ṣe ń sùn, bí ó ṣe ń jẹun, àti ta ni ó ń dá lóhùn nígbà tí kò sẹ́nì kankan lọ́dọ̀ rẹ̀.

“Ó jọ àìsàn ọpọlọ, màmá. Dókítà tó wà ní Pobè ló lè sọ ọ́ dájú. Ó ní ìtọ́jú. Ṣé yóò bá yín lọ lọ́la?”

“Bí ó bá ṣì mọ̀ mí.”

Ó bá Fáṣèyí níbi tó fi í sí. Iná ti kú. Ó mú àgbàdo náà, ó fẹ́ eérú ara rẹ̀ dànù. Lọ́dọọdún, bí àgbàdo tuntun bá ti jinná, ọkọ rẹ̀ ló máa ń gbé àkọ́kọ́ sí i lẹ́nu. Kò ní fọwọ́ kan tirẹ̀ títí aya rẹ̀ yóò fi rẹ́rìn-ín.

“Bàbá Grâce, ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà lọ́la. Mi ò ní fi yín sílẹ̀ níbẹ̀.”

Fáṣèyí gba àgbàdo náà. Ó wò ó pẹ́, ó sì nà án sí i.

“Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ jẹ.”

Inú Oyèkẹ́mi dùn. Ó gé e jẹ. Ìgbà tó gbójú sókè ló tó rí i pé ọ̀fun òun ni ọkọ òun ń ṣọ́, bí ẹni tó ń retí kí nǹkan ṣẹlẹ̀.

Ó rọra gbé e mì, kí ọkọ rẹ̀ lè rí i dáadáa. Ó tún gé òmíràn.

Nígbà náà ni Fáṣèyí gbà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bí ẹni tí ebi ti ń pa tipẹ́.

“Lọ́la?” Oyèkẹ́mi béèrè.

“Lọ́la.”

Oyèkẹ́mi jókòó tì í títí èjìká wọn fi kan ara wọn. Àárò ọkọ rẹ̀ ń sọ ọ́ gidigidi.