Jìtá Ọláyẹmí

Kì í ṣe nítorí Haleem Iná ni Morẹ́nikẹ́ fi ń wá kásẹ́ẹ̀tì Haleem Iná kiri. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Ìdúmàgbò, níbi tó ti ń ta òwú, síìpù àti bọ́tìnnì, rò pé ìfẹ́ olórin náà ló ti wọ̀ ọ́ lára láti ìgbà èwe. Wọn a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Dámi, ṣé ẹ ò ní jẹ́ ká sinmi rọ́ọ̀kì ni?" Á rẹ́rìn-ín, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò sọ fún wọn pé òun ò fẹ́ràn ohùn ọkùnrin náà rárá. Bí ó bá ti ki kásẹ́ẹ̀tì bọnú rédíò, ńṣe ló máa ń rọ́jú gba orin náà kọjá, bí ẹni tó ń la èrò kọjá kó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, títí jìtá á fi dé. Jìtá yẹn ló ń wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń ta á.

Ọláyẹmí ni wọ́n bí ṣáájú rẹ̀. Ìjẹ̀bú-Igbó ni bàbá wọn ti wá sí Èkó, ó ń ta aṣọ, ó sì jẹ́ àgbà nínú ìjọ. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ òun tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ti bá àwọn onírọ́ọ̀kì lọ, ó ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ Haleem Iná nínú ilé òun mọ́. Haleem ti gbajúmọ̀ nígbà yẹn. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, irun rẹ̀ kún bí igbó, ó sì máa ń tanná sí igi tí máìkì dúró lé lórí ìtàgé. Ibẹ̀ ni orúkọ Iná ti jáde. Lójú agbo, Ọláyẹmí ló máa ń dúró sí apá ọ̀tún rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti di pé kí wọ́n ṣe àwo, Haleem á wọ bàálù, ó di Lọ́ńdọ̀nù, á lọ lo àwọn òyìnbó oníjìtá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwo ṣe ń tà. Nítorí náà, kò sí àwo Haleem kankan tí ọwọ́ Ọláyẹmí wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀yìn àwo kankan tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Ní ọdún 1984, wọ́n ń ti Benin bọ̀ láti òde eré nígbà tí mọ́tò tó kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ já sígbó ní ọ̀nà Ọ̀rẹ̀. Ọláyẹmí kú síbẹ̀. Haleem wà nínú mọ́tò tó ṣáájú. Kò wá síbi ìsìnkú, kò rán ẹnikẹ́ni wá, kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ pé ó ti padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá wọn náà kú láìgbọ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lórí jìtá rí.

Ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Morẹ́nikẹ́ ń fọ aṣọ, ó fẹ́ rántí bí jìtá Ọláyẹmí ṣe máa ń dún, kò rántí. Ó rántí bàtà rẹ̀. Ó rántí ikọ́ rẹ̀. Ohùn jìtá yẹn ti lọ. Ó fi aṣọ sílẹ̀ nínú omi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rù sì bà á ju bí ó ti bà á lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú dé.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwọn tó ti gba eré Haleem sílẹ̀ lójú agbo. Ṣójà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Yábà ló kọ́kọ́ fún un ní ọ̀kan. Ó ti fi rédíò kékeré gba orin náà sílẹ̀ láàárín èrò, ariwo ìgò ọtí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń dé Abẹ́òkúta, ó ń dé Ìlọrin. Àwọn tí wọ́n jọ ń kó o jọ di ojúlùmọ̀ rẹ̀, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n á máa jiyàn lórí ibi tí Haleem ti pariwo jù. Òun á gbọ́ tiwọn, á gba ẹ̀dà tirẹ̀, á máa lọ sílé.

Èyí tó dára jù lọ nínú gbogbo wọn, ìtòsí ilé ló ti rí i. Taslimah, opó kan tó ń ta ẹ̀wà àti gàrí ní Èbúté Èrò, ló ni ín. Ọkọ rẹ̀ ló máa ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn háyà fún àwọn olórin nígbà ayé rẹ̀.

"Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án," Taslimah sọ, bó ti ń nu eruku kúrò lára kásẹ́ẹ̀tì náà. "Ó ní ọmọkùnrin tó ta jìtá níbẹ̀ pa òun lẹ́kún. Ẹ máa mú un lọ. Èmi ò tiẹ̀ ní ohun tí mo lè fi gbọ́ ọ."

Ní gbọ̀ngàn kan ní Èbúté Mẹ́ta, lọ́dún 1982, ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Kò sí ariwo ìgò, ohùn náà mọ́ gaara. Láàárín orin kan, Haleem dá dúró, ó sì kígbe: "Yẹmí! Ọláyẹmí ọmọ Ìjẹ̀bú! Bá wọn sọ̀rọ̀!" Ni jìtá bá dá nìkan jáde. Kò yára, kò pariwo. Ó ń lọ bí ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ sọ, tí kò sì bẹ̀rù pé wọn ò ní dúró gbọ́. Nígbà tó parí, èrò gbọ̀ngàn ò tètè pàtẹ́wọ́. Haleem mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ gbọ́ o. Kí ni mo tún fẹ́ kọ lẹ́yìn èyí?"

Morẹ́nikẹ́ fi orí lé tábìlì, ó sunkún títí ọmọ rẹ̀, Dámilọ́lá, fi wọlé bá a.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Zayd, ọmọ Haleem, wá sí ìsọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún ni, jìtá lòun náà ń ta, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ti ń pè é. Ó dọ̀bálẹ̀ láàárín ọjà.

"Màmá, bàbá mi ti padà wálé láti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní kí n wá kí yín. Ilé-iṣẹ́ kan ní òkè òkun fẹ́ gbé àwọn eré ojú agbo tí wọ́n ṣe láyé àtijọ́ jáde. Gbogbo ẹni tí a bi, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń tọ́ka sí."

Morẹ́nikẹ́ kó kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú páálí, ó bá a lọ sí agboolé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó bá Haleem lórí àga, ó ti gbẹ, orí rẹ̀ pá. Morẹ́nikẹ́ ní òun kò fẹ́ owó.

"Bọ̀dá Haleem, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi síbẹ̀. Ọláyẹmí ló ta jìtá. Kí gbogbo ayé kà á."

"Morẹ́," Haleem sọ, "ṣé mo lè gbàgbé Yẹmí ni?"

Zayd ki kásẹ́ẹ̀tì Taslimah bọnú ẹ̀rọ. Nígbà tó dé ibi jìtá, omi ń bọ́ lójú Haleem. Kò nù ún. Morẹ́nikẹ́ ń wò ó, ohun tó ti le gbagidi nínú rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú sì rọ̀. Ó fi páálí náà sílẹ̀ fún wọn.

Nílé, Dámilọ́lá ní, "Màámi, ẹ ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí nǹkan kan?"

"Ẹni tó sunkún lójú mi?" ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn.

Ọjọ́ tí àwo náà jáde, Dámilọ́lá ṣí i lórí fóònù fún un nínú ìsọ̀. Ohùn Haleem jáde. Ó dé ibi tó yẹ kó ti kígbe, kò kígbe. Wọ́n ti gé e kúrò. Jìtá wọlé, ó rí bó ṣe wà gan-an, kò yẹ̀. Inú Morẹ́nikẹ́ dùn fún ìṣẹ́jú kan.

"Ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn àwo náà fún mi," ó ní.

Dámilọ́lá fi ìka yí ojú fóònù wálẹ̀. Ó kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé jìtá inú téèpù àtijọ́ náà ti bàjẹ́, pé Zayd ló tún un ta lákọ̀tun, kí ohùn bàbá láti ayé ọjọ́un lè pàdé ọwọ́ ọmọ lónìí. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa, ó wuni kà. Orúkọ Ọláyẹmí kò sí níbì kankan.

Lọ́jọ́ kejì, Morẹ́nikẹ́ dé Ìsàlẹ̀ Èkó kí oòrùn tó mú. Haleem nìkan ló bá.

"Jókòó, Morẹ́."

"Mi ò jókòó. Bọ̀dá, ta ló ta jìtá yẹn?"

Haleem kò parọ́ fún un. "O mọ ẹni tó ta á. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó fẹ́ ẹni tí wọ́n lè gbé káàkiri. Eré wà ní Paris, ó wà ní Berlin. Ṣé Yẹmí máa ti inú sàréè jáde wá gba físà ni? Èmi ò lè dúró lórí ẹsẹ̀ mi mọ́. Ọmọ mi ti gbó sí ìdí jìtá, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n."

"Zayd ò lè ta nǹkan yẹn."

"Ó ń kọ́ ọ. Inú téèpù yẹn náà ló ti ń kọ́ ọ."

Morẹ́nikẹ́ tọ́ka sí àga rẹ̀. "Ẹ sunkún lójú mi níbí."

"Ẹkún òótọ́ ni," Haleem sọ. "Mo fẹ́ràn Yẹmí. Ṣùgbọ́n tèmi ni Zayd."

Ó ní kó kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó tó máa lọ. Morẹ́nikẹ́ tú páálí náà wò, kò rí ti Taslimah. Haleem yíjú sí ojú fèrèsé. Ó ní kásẹ́ẹ̀tì náà ti já mọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń dà á kọ.

Ohun tó kù lọ́wọ́ Morẹ́nikẹ́ ni èyí tó fi fóònù gbà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò nílé, tí igbe Haleem àti orúkọ Ọláyẹmí wà nínú rẹ̀. Dámilọ́lá gbé e sí orí ẹ̀rọ ayélujára. Àwọn kan ní ẹ̀rọ ló fi ayédèrú ohùn ṣe é, pé irú ẹ̀ ti pọ̀ níta báyìí. Àwọn kan bú Morẹ́nikẹ́ pé ìyá àgbà tó ń wá òkìkí ni. Ilé-iṣẹ́ náà fi ẹ̀sùn kàn án pé orin tàwọn ni, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.

Morẹ́nikẹ́ lọ bá Taslimah ní Èbúté Èrò, kó lè bá a jẹ́rìí. Obìnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mi orí.

"Ìyá Dámi, tó bá jẹ́ pé ọkọ mi wà láyé ni, ì bá dìde pẹ̀lú yín. Mo lè sọ pé mo fún yín ní kásẹ́ẹ̀tì. Ohun tó wà nínú ẹ̀, mi ò gbọ́ ọ rí. Mi ò lè sọ pé mo gbọ́ ọ."

Morẹ́nikẹ́ kò bínú sí i. Ó dúpẹ́, ó ra ẹ̀wà díẹ̀, ó lọ.

Orin náà gbóde kan. Ubaydullah, tó ń ta ìbòrí fóònù ní iwájú ìsọ̀ Morẹ́nikẹ́, fẹ́ràn rẹ̀ gidi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé gbohùngbohùn rẹ̀ síta, ó ń ju orí.

"Màmá, ẹ gbọ́ bí Zayd ṣe ń ta jìtá! Ọmọ yẹn ò kéré rárá o."

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn," Morẹ́nikẹ́ sọ.

Ubaydullah kò gbọ́ ọ dáadáa, àbí ó gbọ́ ọ, kò sì yé e. Ó rí ojú ìyá àgbà náà, ó rò pé ariwo ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó sáré dín in kù.

"Ẹ má bínú, mà. Ariwo yẹn ti pọ̀."

"Má dín in kù," Morẹ́nikẹ́ sọ. "Gbé e sókè."

Ọmọkùnrin náà gbé e sókè. Oníbàárà kan dúró níwájú ìsọ̀, ó ní òwú funfun lòun fẹ́ rà. Morẹ́nikẹ́ na ọwọ́ pé kó ní sùúrù, kó jẹ́ kí jìtá yẹn parí ná. Oníbàárà náà pòṣé, ó kọjá sí ìsọ̀ kejì.