Gbèdéke Tí Washington Yọ Kúrò

"Nélida, ta ló ní kí o yọ gbèdéke àkókò yẹn kúrò?"

Ohùn Dókítà Olmedo, ọ̀gá ilé ìwòsàn, le koko. Láti àárọ̀ ni kọ̀ǹpútà ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn kò ti dáhùn mọ́. Àwọn arúgbó tò síta nínú òtútù Montevideo, ìyá kan sì ń sunkún pé oògùn àtọ̀gbẹ ọmọ òun ti tán nílé.

"Èmi kọ́, Dókítà. Èmi ni mo fi í síbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́. Iṣẹ́ yòówù tí ẹnikẹ́ni bá rán sí àkọsílẹ̀ oògùn inú kọ̀ǹpútà, tó bá ti pẹ́ jù, gbèdéke náà á já a, á sì dá gbogbo nǹkan padà sí bó ṣe wà. Láìsí i, iṣẹ́ ẹnì kan lè di àkọsílẹ̀ náà mú, bí ẹni tó ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí gbogbo ará ilé wá ń jó lẹ́nu ọ̀nà.

"Washington ní ìwọ ni."

Nélida, tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn náà, yíjú. Washington Píriz, tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, tó jẹ́ bàbá ìsàmì ọmọ rẹ̀, ń fa tíì máté rẹ̀ mu bí ẹni tí kò gbọ́.

Kò bá a jà níbẹ̀. Ó sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó já iṣẹ́ tó há, ó dá gbèdéke padà. Kò pẹ́ tí oògùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Washington bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, má bínú. Mò ń tún àkọsílẹ̀ ọdún tó kọjá ṣe fún ìjọba ni. Kí n tó parí, gbèdéke rẹ á ti já a. Mo yọ ọ́, mo wá gbàgbé."

"Ta ni kì í gbàgbé? Ṣé ìgbàgbé náà ló ní kí o dárúkọ mi?"

"Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe igbákejì ọ̀gá. Ìwọ, wọ́n fẹ́ràn rẹ. O sì mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀."

Èyí dùn ún ju irọ́ náà lọ. Àṣé Washington ti gbé ọ̀rẹ́ wọn lé ìwọ̀n, ó sì rí i pé kò wúwo.

"Wọlé lọ bá a, kí o sọ òtítọ́."

"Nélida, nítorí ọmọ wa."

"Ọmọ mi."

Washington kò gbéra láti lọ. Nélida gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì kan ilẹ̀kùn Dókítà Olmedo fúnra rẹ̀.