Òróró Lẹ́nu Wáyà

Nígbà tí Elijah Ògúnbọ̀dé fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀ ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, kò kọ́lé bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọ́lé. Ilé onírin kékeré kan wà tí àwọn olùwádìí máa ń sùn sí lóko, ilé tó ní táyà, tó ṣeé so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e sí gbàǹjo, òun ló rà á. Ó tún òrùlé rẹ̀ kàn, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí i, ó gbé sítóòfù sí i, ó sì kó ìyàwó rẹ̀, Gbọ́njúbọ́lá, wọ inú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, wọn kò gbé ibì kan pẹ́. Bí ariwo bàálù bá sú wọn ní Alákíà, Elijah á so ilé mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó di Ẹgbẹ́dá. Bí Ẹgbẹ́dá bá sú wọn, ó di Lálùpọn. Gbogbo ilé tó ti háyà rí láyé rẹ̀ ni lánlọ́ọ̀dù ti lé e jáde, ó sì ti búra pé ohunkóhun kò ní so òun mọ́ ilẹ̀ onílẹ̀ mọ́. Ní àràárọ̀, bó bá ti gbàdúrà tán, á fi àtẹ́lẹwọ́ lu ara ilé náà gbà gbà gbà, á máa kì í pé:

"Ilé onítáyà, ọmọ arìn-má-rẹ̀ẹ́!
Ilé tí í bá olówó ẹ̀ ròde, tí í bá olówó ẹ̀ bọ̀.
Lánlọ́ọ̀dù lé e títí, kò bá a;
Ọmọ onílẹ̀ wá a dé Alákíà, ó ti sùn sí Ẹgbẹ́dá!"

Ìyàwó rẹ̀ á dáhùn láti inú ilé, "Bàbá Moyin, ẹ rọra máa kì í o, kí orí rẹ̀ má lọ wú, kó fi àwa náà sílẹ̀ lọ."

Ẹ̀rín ni Gbọ́njúbọ́lá fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn ún nínú ìrìn yìí. Tíṣà ni. Ibi tí wọ́n bá gúnlẹ̀ sí, àwọn ọmọ àdúgbò á wá bá a lẹ́nu ọ̀nà, á máa kọ́ wọn ní álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá. Ọmọ tó bá sì bẹ̀rẹ̀ A ní Alákíà, ọkọ̀ á ti gbé tíṣà rẹ̀ lọ kó tó dé GB. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé onítáyà, kò tíì kọ́ ọmọ kankan tán.

Ìdí nìyí tí inú rẹ̀ fi dùn nígbà tí ilé-ìwé kan, tó ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sílùú òyìnbó lédè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní kó wá dán iṣẹ́ wò. Ó fi fóònù ṣe é. Ibi tó ti ń kọ́ ọmọ kan ní "ẹ káàárọ̀" ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dá a dúró. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ lójú fídíò, kò pa dé mọ́, ẹ̀rù sì ba ọmọ ọlọ́mọ, ó bú sẹ́kún. Ilé-ìwé náà ní àwọn á dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ṣùgbọ́n íńtánẹ́ẹ̀tì oníwáyà ni kó lò. Bí kò bá ní wáyà, kó má wulẹ̀ yọjú.

Ó bọ́ sí àsìkò tí ilé-iṣẹ́ kan ń na irú wáyà bẹ́ẹ̀ gba ojú títì Lálùpọn. Òpó wọn kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ìjọ Kérúbù àti Séráfù, níbi tí ilé onítáyà gúnlẹ̀ sí. Gbọ́njúbọ́lá ránṣẹ́ sí wọn. Àbáyọ̀mí, ọkùnrin tó ń fa wáyà fún wọn, dé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Mọ́mì, ilé wá dà?"

"Òun lò ń wò yẹn."

"Èyí? Ẹ má bínú o. Ọkọ̀ lèyí. Ọ̀gá wa ò gbà ká fa wáyà sínú ọkọ̀. Bẹ́ ẹ bá wà á lọ lọ́la ńkọ́, ṣé kí n máa fi wáyà sáré tẹ̀lé yín ni?"

Elijah fa ojú ro. "Kí wá ló ń jẹ́ ilé lọ́dọ̀ yín?"

"Ohun tí ò ní táyà ni, Bàbá."

"Ìgbín náà ò ní táyà, ilé ẹ̀ sì ń bá a lọ."

"Òótọ́ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n ìgbín ò tíì ní ká wá fa wáyà fún òun."

Gbọ́njúbọ́lá kàn wo ọkọ rẹ̀. Obìnrin tó bá ọkọ rin gbogbo ìrìn yẹn láìráhùn, bó bá woni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀bẹ̀ ló bẹ̀ yẹn.

Elijah gbé jáàkì. Ó tú àwọn táyà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ òkú, ó gbé ilé lé búlọ́ọ̀kù, ó sì yí àwọn táyà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní fún ìgbà díẹ̀ ni, pé ẹni tó jókòó kì í torí ìjókòó gé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, Àbáyọ̀mí na wáyà láti orí òpó wọ ojú fèrèsé. Ibẹ̀ gan-an ni wáyà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán sí. Ó le tantan bí okùn tí wọ́n sá aṣọ sí. Ó fi ẹnu rẹ̀ kọ́ fèrèsé, ó ní ó di ọ̀la kí òun tó gbé àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì tí òun máa ki wáyà náà bọ̀ wá láti Ẹgbẹ́dá.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹnu wáyà yìí o. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú ẹ̀ kọjá. Ìdọ̀tí kín-ín-kín báyìí, ó ti dí i."

Wọ́n sì pa òfin náà mọ́. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kàn án.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni Wòlíì Fọlọ́runṣọ́, tó ń ṣọ́ àgùntàn Ọlọ́run nínú ìjọ náà, jáde sí ọgbà tó rí i pé ilé onítáyà ti jókòó lé búlọ́ọ̀kù. Ó kígbe Halelúyà. Láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀, ilé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí múlẹ̀, wọn kì í fi í sílẹ̀ láìgbàdúrà sí i, wọn kì í sì í fi ojú ihò rẹ̀ kankan sílẹ̀ láìta òróró sí i. Kí tọkọtaya náà tó mu ẹ̀kọ tán, àwọn aláṣọ funfun ti yí wọn ká láìwọ bàtà, pẹ̀lú agogo àti àbẹ́là.

"Bàbá Moyin, ẹ kú oríire! Ọlọ́run ti fìdí yín múlẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀!"

Elijah fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ta ló ń lé àdúrà lẹ́nu ọ̀nà? Ó kúnlẹ̀.

"Ilé yìí ò ní mì!"

"Àmín!"

"Kò ní ṣípò padà láé!"

"Àmín!" ni ìjọ dá a lóhùn. Ti Elijah jáde tín-ín-rín, bí ohùn ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun.

Wòlíì ta òróró sí ẹnu ọ̀nà. Ó ta á sí fèrèsé, ó ta á sí ihò kọ́kọ́rọ́. Ó wá ku ẹnu wáyà.

"Wòlíì, ẹ jọ̀ọ́," ni Gbọ́njúbọ́lá ké, "wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì mi ni o. Wọ́n ní kí ọwọ́ má kàn án."

"Ọwọ́ mi ò ní kàn án, Ìyá Moyin. Ṣé ibí yìí ni gbogbo ayé fẹ́ẹ́ gbà wọlé wá bá yín? Ibẹ̀ gan-an ló nílò òróró jù." Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ jìnnà, ó sì rọra da igo. Òróró kán sẹ́nu wáyà, tó, tó, tó.

Àbáyọ̀mí dé lọ́sàn-án. Ó ki wáyà bọ àpótí. Iná pupa tàn. Ó fi òwú nù ún, ó fi sípírìtì fọ̀ ọ́, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Pupa. Ó gbóòórùn ìka rẹ̀.

"Mọ́mì, ta ló dín àkàrà nídìí wáyà yìí?"

"Òróró ìyàsímímọ́ ni, arákùnrin," ni Wòlíì dáhùn láti abẹ́ igi máńgòrò.

"Ẹ ṣeun, sà. Ìmọ́lẹ̀ ò sì ríbi gbà mọ́."

Kò sí ọgbọ́n míì ju kó gé ẹnu wáyà tó mu òróró nù, kó ṣe òmíràn. Ó gé e. Wáyà sún sẹ́yìn, ó sì fì síta, kò tó fèrèsé mọ́. Òmíràn ò lè dé títí ọ̀sẹ̀ yóò fi yí. Gbọ́njúbọ́lá ní òun á gbé kọ̀ǹpútà jókòó síta, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ti ṣú dùdù. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó káwọ́ lérí. Àkókò ń lọ.

Àbáyọ̀mí họrí. "Ẹ ò rí i, bí a bá lè sún un díẹ̀..."

"Sún kí ni?" ni Elijah bi í.

"Ilé, Bàbá."

"Ilé? Ilé kì í rìn, ọmọ mi. Ṣebí ìwọ lo kọ́ mi."

"Bàbá, ẹ dákun."

"Àbí ìgbín ti ní kẹ́ ẹ wá fa wáyà fún òun ni?"

Ì bá gbádùn ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kan ìyàwó rẹ̀. Ó wọlé, ó sì yí táyà àkọ́kọ́ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Wòlíì dìde fùú. "Bàbá Moyin, àdúrà àárọ̀ yìí ńkọ́? A ní kò ní ṣípò padà!"

"Wòlíì, ẹ bá wa bẹ Ọlọ́run kó fi ìṣísẹ̀ kan jìn wá."

Wòlíì ronú. Ó wo wáyà tó ń fì, ó wo igo òróró ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé igo sílẹ̀, ó ká aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó sì gbọ́wọ́ lé ara ilé. "Ọlọ́run mọ èrò ọkàn wa. Ẹ̀yin ará, ó yá!"

Àbáyọ̀mí tó ní òun kò gbọ́dọ̀ rí táyà ló ń di nọ́ọ̀tì táyà. Ìjọ ń tì, agogo ń dún, Elijah ń ki ilé rẹ̀ ní gbogbo ohùn, "Arìn-má-rẹ̀ẹ́! Bá mi rìn ín lónìí!" Ilé náà kérora, ó sì rìn. Wáyà wọ fèrèsé. Iná àpótí di àwọ̀ ewé.

Òjò ń lu òrùlé nígbà tí ọmọbìnrin kan, Olúwadọ̀tun, yọjú láti òkè òkun. Gbọ́njúbọ́lá bẹ̀rẹ̀ lórí A. Ẹnu rẹ̀ ń là, ó sì ń pa dé. Elijah tí ó nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì gbọ́ D, ó gbọ́ F. Ó gbọ́ tí ọmọ náà pe GB, tó sì rẹ́rìn-ín sí i. Ó gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ní, "Ó káre. Tún un pè."

Kí òjò tó dá, ilé-ìwé náà ti kọ̀wé pé àwọn ti gbà á: ojoojúmọ́, títí ọdún á fi parí, kó sáà má fi wáyà náà ṣeré.

"Bàbá Moyin, ẹ ò rí i?" ni Wòlíì ń wí káàkiri ọgbà. "Kò ní ṣípò padà. Àdúrà ti gbà!"

Ewúrẹ́ kan ló ń bọ̀ wá fara họ wáyà, Elijah sì ti mú ọ̀pá jáde lọ pàdé rẹ̀.

"Bàbá," ni Àbáyọ̀mí ké sí i bó ṣe ń lọ, "táyà ńkọ́? Ẹ ò ní yọ wọ́n padà?"

"Kí ni wọ́n ṣe ẹ́? Ṣé wọ́n ní àwọn ń lọ ibì kan ni?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbàdúrà tán, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè láti lu ara ilé bí ìṣe rẹ̀. Ó rántí wáyà. Ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, ó fi ìka kan ṣoṣo kan ara ilé, ó sì ń rọra kì í ní ohùn kẹ́lẹ́.